Mo fẹ́ mú ìyá mi àti ọmọ mi lọ wẹ omi gbígbóná, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, èmi, ọkọ mi, ìyá mi àti ọmọ wa ọlọ́dún 3 fẹ́ lọ lo ọjọ́ kan gbáko níbi odò ìwẹ̀ tí omi gbígbóná ti ń sun látinú ilẹ̀. Torí Màámi ni mo ṣe ṣètò ẹ̀. Orúnkún ń dùn wọ́n. Láàárọ̀, wọ́n á di etí bẹ́ẹ̀dì mú gírígírí kí wọ́n tó lè nàró.

Àmọ́ wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Omi gbígbóná máa ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, kí ìfúnpá sì wálẹ̀, òòyì sì lè kọ́ èèyàn tó bá dìde lójijì. Màá kọ́kọ́ bi dókítà wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú àgbàlagbà lọ rí, tí omi bá tó ìwọ̀n Celsius 38, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n máa ń lò nínú ẹ̀ kí wọ́n tó jáde sinmi?

Ọmọ ńkọ́? Ara ọmọdé tètè ń gbóná ju tàgbà lọ, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nìkan ni mo fẹ́ kó wọ̀. Báwo lẹ ṣe ń pín ara yín? Mi ò fẹ́ kí Màámi dá wà nínú omi rárá.