Mo ń lọ ṣe lọ́yà pátẹ́ǹtì ní ilé-iṣẹ́ áńtíbọ́dì: pósítà ti ń bọ̀, kí ni kí n kọ́kọ́ mú?

Àrẹ̀mú_MA:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa wọlé sí ilé-iṣẹ́ bayotẹ́ẹ̀kì kékeré kan ní Cambridge, Massachusetts. Áńtíbọ́dì, ìyẹn pùrótéènì tó ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó nínú ara, ni wọ́n ń ṣe, wọn kò sì ní lọ́yà pátẹ́ǹtì rí. Ilé-iṣẹ́ lọ́yà ni mo ti ń bọ̀. Kílèmù, gbólóhùn tó ń sọ ibi tí ẹ̀tọ́ pátẹ́ǹtì dé, ni mo mọ̀ ọ́n kọ. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn ń gbé pósítà tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ wọn lọ sí àpérò ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí USPTO, ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà. Kí ni kí n kọ́kọ́ mú? Ṣé ọdún kan tí òfin Amẹ́ríkà fúnni lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti jáde ò tó ni?

Ìyá_Láàbù:
Àbúrò, o kú oríire. Ọdún kan yẹn wà lóòótọ́, àmọ́ Yúróòpù kò ní irú rẹ̀. Ní Munich, níbi tí EPO, ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì Yúróòpù, wà, ẹyin lọ̀rọ̀: ọjọ́ tí pósítà bá ti hàn sí gbogbo ènìyàn, ìhùmọ̀ náà kì í ṣe tuntun mọ́, kódà fún ẹni tó hùmọ̀ rẹ̀. Má sì ka ọjọ́ àpérò rárá. Béèrè ọjọ́ tí ábísíráàtì, àkótán iṣẹ́ náà, máa jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí wọ́n sábà máa ń gbé e síta kí àpérò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n sọ fún ọ lè jẹ́ méjì péré.

Provisional, ìwé ìbéèrè àkọ́kọ́ tó ń di ọjọ́ mú fún yín ní USPTO, lo máa fi sílẹ̀. Kò nílò kílèmù, ẹnikẹ́ni kì í sì í yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó ń tan èèyàn jẹ gan-an nìyẹn. Wọ́n á kó síláìdì mẹ́wàá pọ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́, ọkàn wọn á balẹ̀. Nígbà tí oṣù 12 bá pé tí PCT (ìwé ìbéèrè àgbáyé kan ṣoṣo fún orílẹ̀-èdè púpọ̀) kàn, ẹ óò wá rí i pé síkúẹ́ǹsì áńtíbọ́dì, ìyẹn àwọn lẹ́tà tó ń sọ bí wọ́n ṣe to pùrótéènì náà, ò sí nínú síláìdì kankan. Ohun tí kò bá sí nínú provisional kò lè gba ọjọ́ provisional. Ọjọ́ PCT ló máa gbà, pósítà tiyín gan-an ni wọ́n á sì fi dá a dúró.

Torí náà, kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀: síkúẹ́ǹsì ṣéènì ńlá àti kékeré, CDR mẹ́fẹ̀ẹ̀fà (ibi tí áńtíbọ́dì fi ń di tágẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú), ìwọ̀n KD (bó ṣe lẹ̀ mọ́ ọn tó), bí wọ́n ṣe rí áńtíbọ́dì náà àti bí wọ́n ṣe dán an wò, àti àwọn tí wọ́n yí padà tó ṣì ṣiṣẹ́. Gba síkúẹ́ǹsì ní FASTA, fáìlì lẹ́tà lásán, lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Má dà á kọ láti inú PDF! Lẹ́tà kan péré tó bá ṣì, áńtíbọ́dì mìíràn lẹ kọ yẹn, àtúnṣe rẹ̀ lẹ́yìn náà sì nira. Tó bá kan PCT, fáìlì XML tó bá ST.26, ìlànà àgbáyé fún kíkọ síkúẹ́ǹsì, mu ni wọ́n ń gbà láti oṣù keje 2022.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́:
Gbogbo ohun tí Ìyá sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí Àrẹ̀mú tó ṣí síláìdì kankan, kó ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ àwọn olùhùmọ̀. Tó bá jẹ́ "mo gbà láti fi ìhùmọ̀ mi fún ilé-iṣẹ́" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìlérí lásán ni. "Mo fi í fún un báyìí" lo ń wá. Ìyàtọ̀ gbólóhùn méjèèjì yìí ló ṣàkóbá fún Stanford nínú ẹjọ́ òun àti Roche tó dé Supreme Court ní 2011.

Yúróòpù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2018, EPO wọ́gi lé pátẹ́ǹtì kan lórí CRISPR (ọgbọ́n àtúnṣe jíìnì) tó jẹ́ ti Broad Institute, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú provisional Amẹ́ríkà kò fa ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé àwọn tó fi ìwé ti Yúróòpù sílẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní oṣù kìíní 2020, ó já sí pàbó. Ìpinnu EPO tí wọ́n ń pè ní G 1/22, ti 2023, ti dẹ ìdè náà díẹ̀, ṣùgbọ́n kí gbogbo olùhùmọ̀ buwọ́ lùwé kí PCT tó lọ.

Àrẹ̀mú_MA:
Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀gá mi fẹ́ kí kílèmù gba gbogbo áńtíbọ́dì tó bá lẹ̀ mọ́ tágẹ́ẹ̀tì náà. Ọ̀kan nínú àwọn olùhùmọ̀ sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì tí wọ́n fi ṣe olùdámọ̀ràn.

Ìyá_Láàbù:
Fi ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ oògùn Amgen àti Sanofi hàn án, 18 oṣù karùn-ún 2023. Áńtíbọ́dì 26 ni Amgen kọ síkúẹ́ǹsì wọn sílẹ̀, wọ́n wá ní kí kílèmù gba gbogbo èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ibi kan lára PCSK9, pùrótéènì kan nínú ara, tó sì ń dí i lọ́wọ́. Adájọ́ Supreme Court mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló kọ̀. Fi síkúẹ́ǹsì ṣe ìpìlẹ̀, kó o fẹ̀ ẹ́ dé ibi tí dátà yín lè gbé e dé.

Òmíràn nìyí: kí láàbù má kọ "èyí ti wọ inú pátẹ́ǹtì lágbájá" sínú ímeèlì. Ilé ẹjọ́ lè sọ owó ìtanràn di ìlọ́po mẹ́ta bó bá rí i pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Fífi orúkọ rẹ sí CC nìkan kò sì sọ ímeèlì di àṣírí lọ́yà. Kí wọ́n wá bá ọ ní ọ́fíìsì.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́:
Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ni kó o kọ́kọ́ pè. Àdéhùn òun pẹ̀lú yunifásítì lè ti gba ìhùmọ̀ rẹ̀ kí tiyín tó dé, nítorí náà gba ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń bójú tó pátẹ́ǹtì níbẹ̀. Ìbuwọ́lùwé òun nìkan ò tó. Béèrè bóyá owó NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí ìwádìí ìlera, wọ iṣẹ́ náà. Bó bá wọ̀ ọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí láàárín oṣù méjì lẹ́yìn tí olùhùmọ̀ bá ti kọ ọ́ fún ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì wọn, kí gbólóhùn nípa owó ìjọba sì wà nínú ìwé pátẹ́ǹtì. Ọ́fíìsì yunifásítì kì í yára dáhùn, pè wọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó o bá wọlé.