Ẹńjìnnì dísù tí mo fi ń rin ẹ̀gẹ́ ń kú lẹ́nu iṣẹ́, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi tí ẹ mọ ẹńjìnnì dísù. Ìsọ̀ gàrí mi kò jìnnà sí ọjà Arada, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Láàárọ̀, a óò yí irin ẹńjìnnì yìí títí apá ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi á fi kú kó tó dáhùn. Èéfín funfun á bo gbogbo ìsọ̀. Tó bá gbéra tán, kò sí wàhálà, àfi tí ẹ̀gẹ́ bá wọlé. Ohùn rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, ó kú.

Tí mo bá tú nọ́ọ̀tì orí fíltà díẹ̀, tí mo sì fi ọwọ́ pọ́ǹpù dísù, ìfófòó ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Mo dì í padà, ó ṣiṣẹ́ bí ogún ìṣẹ́jú, ó tún kú.

Mẹkáníìkì kan ní ríìngì tó yí písítìnnì ká nínú ẹńjìnnì ti lọ, ká tú u palẹ̀. Mi ò gbà: ọ́ìlì kì í dín, èéfín búlúù kò sí. Èkejì ní kí n ra nọ́sù tuntun, èyí tó ń fọ́n dísù sínú ẹńjìnnì. (Owó ta ni?) Èmi fura sí róbà tó ti táǹkì wá, ó ti ń sán níbi tí kílíìpù ti dì í mú. Ṣùgbọ́n dísù kì í kán sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣé afẹ́fẹ́ lè wọlé níbi tí dísù kò ti jò? Báwo ni mo ṣe lè dán an wò kí n tó náwó? Oṣù tó kọjá ni mo pààrọ̀ fíltà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dáhùn. Ẹ̀gẹ́ bíbó àwọn oníbàárà wà nílẹ̀, ó ti ń kan.