Ọ̀dà tí mo fín sí ike inú ọkọ̀ mi ń bó: níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

Ọlọ́kọ̀ Búlúù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Mercedes W123 ti ọdún 1983 ni mo ní, búlúù ni gbogbo inú rẹ̀. Bàbá mi ló ni ín kó tó di tèmi, èmi fúnra mi ni mo sì ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò dà mí láàmú, àwọn ìjókòó ṣì le dáadáa. Àwọn ike tó bo òpó ibi tí bẹ́líìtì ti ń jáde, àtàwọn tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún nísàlẹ̀ gíláàsì, ni wọn ò jẹ́ kí n gbádùn ọkọ̀ yìí. Ojú ibi tí oòrùn ń pa ti ṣá di aláwọ̀ eérú. Bí mo bá fi ìka rà á, nǹkan funfun bí ẹfun á gbọ̀n sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo tú ọ̀kan tí mo dà á dojú dé, mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì búlúù, ó jinlẹ̀ bíi ti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ó dùn mí. Mo fẹ́ kí iwájú rẹ̀ tún rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ṣe rèé: mo fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ, mo ra ọ̀dà alágolo tí wọ́n kọ "vinyl" sí lára, mo fín in lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo ṣe ń fín in lọ́wọ́ ni àwọn ojú róbótó kéékèèké ń yọ lára rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀dà náà ń sá fún ike. Mo fín òmíràn lé e, ó bò ó. Kò ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, ibi tí bẹ́líìtì ń ha ṣí. Mo ki èékánná bọ̀ ọ́, àfi bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀, ó bá mi lọ lódindi.

Ṣé ọ̀dà tí mo rà ni kò dáa? Ṣé práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń kọ́kọ́ fín, ni mi ò lò? Àbí kò tiẹ̀ yẹ kí n fọwọ́ kàn án rárá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Afínọ̀dà:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Kí n tó sọ ohunkóhun, dá mi lóhùn nǹkan méjì: kí ni wọ́n ti ń fi pa inú ọkọ̀ yẹn láti ọjọ́ yìí wá? Kí ni wọ́n sì kọ sí ẹ̀yìn àwọn ike náà?

Ọlọ́kọ̀ Búlúù:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Bàbá mi kì í fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ṣeré. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń fi ohun ìpara tó ń mú dáṣíbọ́ọ̀dù dán pa á látòkè délẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ á máa kọ mànà. Mo ṣì rí ìgò rẹ̀ kan nínú búùtù. Mo wo ẹ̀yìn àwọn ike náà, nọ́ńbà lásán ló wà níbẹ̀, kò sí orúkọ ike kankan.

Afínọ̀dà:
O ti dá ara rẹ lóhùn. Ìtọ́jú tí bàbá fún ọkọ̀ náà ló ṣì wà lára ike yẹn títí di òní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun ìdán wọ̀nyẹn ló ní sílíkónì, nǹkan tó ń yọ̀ bí òróró, nínú, ọ̀dà kì í sì í dúró lórí sílíkónì. Ṣe ló ń fà sẹ́yìn, òun ló fa ojú róbótó tó o rí. Omi àti ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan péré ò lè ká a. Nítorí náà, má bínú sí ọ̀dà, má sì tíì ra òmíràn.

Ibi tó ń bó ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ téèpù tó lágbára mọ́ ọn, kó o fà á; gbogbo ohun tí kò bá di ike mú, jẹ́ kó bá téèpù lọ. Èyí tó bá kọ̀, fi isopropyl alcohol (irú ọtí ìfọnǹkan kan) rẹ aṣọ, fi bò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó lè rọ̀, kó o wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín họ ọ́. Kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn ike níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí. Má ṣe gbé tínà tàbí acetone sún mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ irú ike tí wọ́n ń pè ní ABS, á yọ́ lójú rẹ báyìí, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó jọ awọ lára rẹ̀ á parẹ́, kò sì sí bó o ṣe fẹ́ dá wọn pa dà.

Ó wá kan fífọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́, ọṣẹ ìfọwo àti búrọ́ọ̀ṣì. Fọ̀ ọ́, ṣàn án, tún un fọ̀. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, lo omi tí àwọn tó ń kun mọ́tò fi ń yọ òróró àti sílíkónì kí wọ́n tó kùn ún. Aṣọ méjì ni wàá mú dání: fi ọ̀kan tó tutù pa á, fi èkejì tó gbẹ nù ún kíákíá. Bó o bá jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, sílíkónì tó o tú sílẹ̀ á tún jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Máa yí ojú aṣọ pa dà. Wọ ìbọ̀wọ́, torí òróró ara ọwọ́ tìrẹ náà ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ìgbà tó bá mọ́ tán lo tó lè ha á, kì í ṣe ṣáájú, kó o má baà fi ọwọ́ ara rẹ rin sílíkónì wọlé. Kànrìnkàn Scotch-Brite aláwọ̀ eérú ni kó o lò, má lo sánpépà níbi tí ike bá ti ní ìlà. Ẹfun tó ń gbọ̀n yẹn gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá. Ike tí oòrùn ti jó kú ni. Bí ọ̀dà bá di ẹfun mú, ẹfun fúnra rẹ̀ ò di nǹkan kan mú. Lẹ́yìn ìháha, tún fi omi tó ń yọ òróró yẹn nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i.

Láti mọ irú ike tó jẹ́, fi ọ̀bẹ gé fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, jù ú sínú omi tí ọṣẹ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, tì í wọlé. Bó bá léfòó, polypropylene tàbí ìbátan rẹ̀ ni, kì í gba ọ̀dà bọ̀rọ̀, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fín adhesion promoter, ohun tó ń mú kí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ike, sí i. Bó bá rì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ABS, ìyẹn ò le tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ polypropylene tí wọ́n po lẹ́búlẹ́bú mọ́ lè rì náà, torí náà dán ọ̀dà wò lẹ́yìn ike ná, jẹ́ kó gbẹ dé ọjọ́ kejì, kó o fi téèpù fà á wò.

Má-Fọwọ́-Kàn-Án:
Ẹ jọ̀ọ́, èrò tèmi yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni nǹkan ń jẹ́ ojúlówó. Mo ti rí ọkọ̀ àtijọ́ tó dáa gan-an tí ọ̀dà inú rẹ̀ ba iyì rẹ̀ jẹ́. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá wá ike mìíràn lára ọkọ̀ tí wọ́n ti tú palẹ̀.

Afínọ̀dà:
Mo gbọ́ yín, bí ike bá ṣì le, èmi náà á ní kó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí ti ń gbọ̀n bí ẹfun, kò ní í sàn fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá sì tú lára ọkọ̀ tí ọjọ́ orí wọn jọ dọ́gba, oòrùn ti pa òun náà rí.

Ìyá Beetle:
Ẹ kú ìtọ́jú ọkọ̀ bàbá o. Ẹ má ṣe gba práímà tó nípọn láyè rárá. Mo ṣe é lára Volkswagen mi, ó di gbogbo ìlà wẹ́wẹ́ ara ike pa, nígbà tí mo ṣe tán ó ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí àwo. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ọ̀dà vinyl yẹn gan-an tó. Àwọn kan ń pè é ní aró, kì í ṣe aró, kì í wọnú ike. Ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rọ̀ ni, ìdí nìyẹn tí ojú tó jókòó lé fi ṣe pàtàkì.

Ní ti fífín: ẹ fi agolo sínú omi lílọ́wọ́ọ́ díẹ̀, kì í ṣe omi gbígbóná o, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ jìnnà sí ike tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo, ẹ gbà á kọjá lórí ike, kí ẹ má dá ọwọ́ dúró títí ẹ ó fi kọjá etí kejì. Àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dà bí ìrì lásán, kí ẹ ṣì máa rí àwọ̀ àtijọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ara kì í gbà á, ẹ óò fẹ́ bò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní sùúrù, ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó fín òmíràn. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin báyẹn, ó tó. Ẹ má fín in lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń mú kí ojú ọ̀dà funfun bí kùrukùru. Ẹ wà níta gbangba, kí ẹ wọ ìbòmú tó ń sẹ́ èéfín kẹ́míkà. Ti eruku lásán kò tó.

Àwọ̀ ńkọ́? Ẹ̀yìn ike tí ẹ ní ó ṣì búlúù yẹn, òun ni kí ẹ gbé lọ fún ẹni tó máa po ọ̀dà. Ẹ wò ó nínú oòrùn, lẹ́yìn tó bá gbẹ tán. Kí ó má dán jù. Àwọ̀ lè bára mu rẹ́gí, bó bá ń kọ mànà, ojú á ṣì mọ̀ pé wọ́n kùn ún ni. Kí ẹ sì kun òpó méjèèjì pa pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tuntun á máa tú àṣírí ògbólógbòó.

Afínọ̀dà:
Àbúrò, gbọ́ ti màmá yìí. Mo fi kún un: ọ̀dà lè gbẹ lójú láàárín wákàtí kan, kó má tíì le nínú. Fún un ní odindi ọ̀sẹ̀ kan kó o tó jẹ́ kí bẹ́líìtì kàn án.

Ọlọ́kọ̀ Búlúù:
Ẹ̀gbọ́n, Màmá, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án, mo gbọ́ tiyín náà. Mo ti fi ọ̀kan nínú àwọn tẹ̀yìn pa mọ́ sínú aṣọ, mi ò ní kun ìyẹn.

Mo gé èérún lára ike òpó, ó rì. Àná ni mo fọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀kíní, omi ń ta kóróbótó lórí rẹ̀ bí ẹni pé epo wà níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà. Mo fi omi tẹ́ ẹ sọ yẹn pa á, mo nù ún, aṣọ funfun náà di pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ń rùn bí ohun ìpara tí bàbá mi máa ń lò. Mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà kẹrin tí mo da omi lé e, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó bo gbogbo ojú ike láìfà sẹ́yìn níbì kankan. Mi ò tíì fín nǹkan kan. Ó ń gbẹ lọ́wọ́.