Íápíìsì Bluetooth: orin ń dún ketekete, ìpè ni wàhálà

Ọmọ Sábó, Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa fóònù. Íápíìsì aláìníwáyà ni, àwọn kékeré méjì tó ń sùn sínú àpótí ìṣájì. Android 13 ni fóònù náà. Orin ń dún ketekete, ìpè ni kò jẹ́ kí ọkàn balẹ̀.

Bí ìpè WhatsApp bá wọlé, inú fóònù ni ohùn ti ń jáde, kì í wá sí etí. Ìpè lásán ń wá sí etí, ṣùgbọ́n ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ á ní ohùn mi dà bí ti ẹni tó ki orí bọ ìkòkò, pàápàá nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbéra ní Ìpakodò. Ní báyìí, apá òsì tún ti dákẹ́, bẹ́ẹ̀ àpótí kún fọ́fọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ pátápátá ni, kí n lọ ra òmíràn?

Àǹtí Agric

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ti WhatsApp ló rọrùn jù. Láti orí Android 12 ni fóònù ti ń gba àṣẹ lọ́wọ́ wa kí app tó lè fọwọ́ kan Bluetooth. Nearby devices ni wọ́n pe àṣẹ yẹn. Bí ó bá yọjú tí ẹ sì fi ìkánjú tẹ Don't allow, WhatsApp ò ní rí íápíìsì yín mọ́.

Ẹ tẹ àwòrán WhatsApp mọ́lẹ̀ títí App info á fi yọ. Ẹ wọ Permissions, ẹ wọ Nearby devices, ẹ tẹ Allow. Bí ìpè bá wọlé, ẹ tẹ àmì ohùn lójú fóònù, kí ẹ mú orúkọ íápíìsì.

Ẹ tún wọ ibi Bluetooth nínú Settings, kí ẹ tẹ àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ óò rí Phone calls àti Media audio. Kí méjèèjì wà ní títàn.

Alátùn-únṣe Ìgbógbó

Ẹ jẹ́ kí n la ti ohùn inú ìkòkò yẹn yé yín, torí ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá lọ. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Bluetooth fi ń gbé ohùn. Ọ̀nà orin, A2DP, láti fóònù wá sí etí nìkan ni, ó sì fẹ̀. Ọ̀nà ìpè, HFP, ń lọ, ó sì ń bọ̀, nítorí náà ó tóóró. Bí orin bá ń lọ, ó sábà máa ń jẹ́ ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gbé ìpè báyìí, ó já wálẹ̀ sí 16,000, tàbí 8,000 bí íápíìsì bá jẹ́ ti àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí orin pàápàá fi máa ń rí pẹlẹbẹ bí app kan bá ṣí máìkì. Kò bàjẹ́.

Ti ọkọ̀ ojú omi, atẹ́gùn ni. Ihò máìkì kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọ̀pá íápíìsì ló sábà máa ń wà, ó sì jìnnà sí ẹnu. Atẹ́gùn ọ̀sà á fẹ́ lù ú, ariwo ẹ́ńjìnnì á dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí íápíìsì bá ti ń gé ariwo kúrò, á máa gé ohùn yín mọ́ ọn. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn, tàbí kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ gbé fóònù sí etí. Fún ẹni tó ń gba ìpè lójoojúmọ́ lójú ọ̀nà, elétí kan tí ọ̀pá máìkì rẹ̀ gùn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sàn ju elétí méjì lọ fíìfíì.

Bí ohùn bá tún ń já, ẹ wo ibi tí fóònù wà. Ìgbì rédíò 2.4 GHz ni Bluetooth ń lò, omi tó wà nínú ara èèyàn sì máa ń gbé e mì. Ẹ yọ fóònù kúrò nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, ẹ gbé e sí àpò àyà.

Ará Ẹbúté

Pé àpótí kún kò sọ pé apá òsì ń jẹ iná. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tó ń sùn sí. Ẹ óò rí irin kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́, aláwọ̀ wúrà, tó ń rì tó sì ń yọ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Òógùn àti ìdọ̀tí etí ló máa ń gbẹ mọ́ wọn lórí, wọ́n á dúdú tàbí kí wọ́n ní àwọ̀ ewé, iná ò sì ní lè kọjá.

Isopropyl alcohol 70% ni kí ẹ rà ní kẹ́mísìtì. Ẹ fi tọ́ òwú orí igi tí a fi ń ro etí. Kó kàn tutù, kó má kán. Ẹ fi nu àwọn irin yẹn, ẹ nu èyí tó wà lára íápíìsì náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú 10. Bí ọ̀kan bá rì tí kò yọ padà, ẹ fi igi ìtayín tẹ̀ ẹ́ wọ̀ọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí íápíìsì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti páálí, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀rá tín-ín-rín ṣì bo irin yẹn.

Bí iná bá tàn tí kò sì sọ̀rọ̀, òsì àti ọ̀tún ti sọ ara wọn nù. Ẹ tẹ Forget lójú fóònù, kí ẹ pa Bluetooth. Ẹ dá méjèèjì padà sínú àpótí, ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí iná á fi máa ṣẹ́jú. Ẹ yọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dúró díẹ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ rí ara wọn, kí ẹ tó tan Bluetooth fóònù. Bí ẹ bá kánjú níbí, ọ̀tún nìkan ló máa wọlé.

Ọmọ Sábó, Ìkòròdú

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Don't allow ló wà lóòótọ́. Irin kan dúdú lápá òsì, mo ti nù ún, iná ti ń tàn. Ó ku ọ̀kan: ṣé ṣájà fóònù 33W kò ní ba àpótí yìí jẹ́?

Ará Ẹbúté

Rárá o, ìwọ̀n tí àpótí fẹ́ ló máa mu. Ṣùgbọ́n bí okùn tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì jẹ́ USB-C kò bá ṣájì rẹ̀, ẹ lo èyí tó ní orí fẹ̀ǹfẹ̀ àtijọ́ lápá kan. Àwọn àpótí olówó pọ́ọ́kú kan kò ní rẹ́sísítọ̀ 5.1 kΩ, èròjà kékeré tó ń sọ fún ṣájà pé kó tú iná sílẹ̀. Bí òjò tàbí omi ọkọ̀ bá sì ta sí íápíìsì, ẹ nù ún, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà sínú àpótí. Omi àti iná tó bá pàdé lórí irin yẹn ló ń jẹ ẹ́ dúdú.