Ẹrù onílé àná nínú ilé tí báńkì tà ní gbàǹjo: kí ni kí a ṣe sí i?

Ìyá Bọ́lá: Ẹ̀yin ará Houston ní Texas, bí èèyàn bá ra ilé tí báńkì gbà nítorí gbèsè, tó ṣílẹ̀kùn, tó bá bẹ́ẹ̀dì, aṣọ, fọ́tò àti firíjì tó kún, kí ló kàn?

Adé Katy: Gbogbo ẹ̀ ti di tiyín. Ẹ kó o dànù.

Bàbá Lọ́yà: Adé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ìwé gbàǹjo ọjọ́ Túsìdeè àkọ́kọ́ oṣù, ilẹ̀ àti ohun tí wọ́n kàn mọ́ ilé nìkan ló gbé fún yín: fáànù àjà, ẹ̀rọ omi gbígbóná, kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná. Bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ ṣì jẹ́ ti onílé àná. Bí onílé àná kò bá tíì kúrò, ẹ fún un ní ìwé ọjọ́ 3 pé kó jáde, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí justice court, ilé ẹjọ́ kékeré àdúgbò. Bí adájọ́ bá dá yín láre, ó di ọjọ́ 6 kí ìwé àṣẹ gbígba ilé tó lè jáde. Kọ́sítébù, òṣìṣẹ́ agbófinró tó ń mú àṣẹ ilé ẹjọ́ ṣẹ, á lẹ ìkìlọ̀ wákàtí 24 mọ́ ilẹ̀kùn kó tó wá. Bí òjò bá ń rọ̀, wọn ò gbọdọ̀ kó ẹrù síta.

Adé Katy: Firíjì tí wọ́n so páìpù omi mọ́ ńkọ́?

Bàbá Lọ́yà: Páìpù kò sọ ọ́ di ara ilé.

Sàlàmì Akólé: Ẹ má ṣí firíjì yẹn o! Bí iná bá ti kú tipẹ́, ẹran inú rẹ̀ ti jẹrà, òórùn rẹ̀ á wọ ògiri. Ẹ fi téèpù dì í yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí èèyàn méjì fi kẹ̀kẹ́ gbé e jáde ní títì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó níwèé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ fa gáàsì inú rẹ̀ kí wọ́n tó fọ́ ọ. Ẹ má kó táyà tàbí ọ̀dà sínú àpótí pàǹtírí tí ẹ bá háyà, wọn ò ní gbé e.

Títí Peckham: Níbí ní England, òfin ọdún 1977 lórí ẹrù ẹlòmíràn tó wà lọ́wọ́ ẹni ni à ń lò. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tó lẹrù, èyí tí wọ́n á buwọ́ lù nígbà tí wọ́n bá gbà á, ẹ sọ ohun tí ẹrù náà jẹ́, ibi tó wà, àti ọjọ́ tí ẹ máa tà á. Bí ẹ bá tà á, ẹ yọ ìnáwó yín, ìyókù owó jẹ́ ti ẹni tó lẹrù.

Adé Katy: Texas la ń sọ, àǹtí.

Títí Peckham: Lẹ́tà kò pa ẹnikẹ́ni lára ní Texas náà.

Bàbá Lọ́yà: Òótọ́ ni Títí sọ. Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan, ẹ ya fídíò yàrá kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì Rẹ̀mí: Bí ẹ bá rí ìbọn níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ má gbé e, ọlọ́pàá ni kí ẹ pè. Oògùn, ẹ kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń gbà á. Lẹ́tà onílé àná tó ń wọlé, ẹ má tú u rárá, ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹ kọ "Not at this address" sí i, kí ẹ dá a padà.

Ìyá Bọ́lá: Fọ́tò àti ìwé ìbí ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Rẹ̀mí: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù láéláé! Àpótí kan ṣoṣo ló máa gbà. Ẹ bá wọn tọ́jú ẹ̀.

Sàlàmì Akólé: Bí ayálégbé gidi ló wà níbẹ̀, tí kì í ṣe ọmọ tàbí ìyàwó onílé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ó kéré tán, 90 ọjọ́ ni òfin ìjọba àpapọ̀ fún un kó tó jáde.

Adé Katy: 90?!