«Extrait»: ṣé oje ni, àbí àrẹyọ?

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Àjàṣẹ́ ní kí á máa pe «extrait», ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n ń kọ sára páálí oògùn ata ilẹ̀ pupa (curcuma), ní «oje», torí pé kò sẹ́ni tí kò mọ oje. Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ gan-an ni ewu sì wà. Oje ni ohun tó ń sun lára igi tí a ṣá, tàbí èyí tí a fún lára ewé tútù. Bí a bá rin ata ilẹ̀ pupa tútù, tí a fún un, oje ló jáde.

Ti inú páálí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti sá ata ilẹ̀ yẹn gbẹ, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sì fi ọtí líle rẹ ẹ́. Omi kọ́, torí curcumine, èròjà aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ nínú omi. Ọtí àti òróró ló ń gbà á. Ẹni tó fi omi lásán se é lágbo, ìdí ìkòkò ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń kù sí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ìyẹ̀fun 100 g, ọtí oníwọ̀n 70% 500 ml, nínú ìgò tí a dé pinpin, fún ọjọ́ 7. A óò máa mì í lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà a sẹ́ ẹ. Bí a bá fẹ́ kó gbẹ, orí omi gbígbóná ni a ti ń lé ọtí rẹ̀ kúrò, kì í ṣe orí iná, nítorí oru ọtí a máa gbiná. Sódabì (ògógóró) kò ṣeé lò fún un, agbára tìkòkò kan kì í bá ti èkejì dọ́gba.

Iye rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ìyẹ̀fun 100 g, curcumine àti àwọn ìbátan rẹ̀ sábà máa ń tó bíi 3 g. Kóró oògùn 500 mg tí wọ́n kọ 95% sí ní 475 mg èròjà yìí nínú. Ìyẹ̀fun tí yóò kó iye yẹn jọ á tó 16 g. Bí a bá wá kọ «oje» sí i, ìyá kan ní Kétu á rò pé èyí tóun ń fún nílé náà ni, á sì máa lò ó bó ṣe wù ú.

Ẹlòmíràn dábàá «àfàyọ». Ó dùn létí, àmọ́ a ti fi í fún ọ̀rọ̀ tí a yọ nínú ìwé. «Àrẹyọ» ni mo fara mọ́: a rẹ ẹ́, a yọ ọ́, bí a ṣe ń gún àgúnmu tí a sì ń mu ún. Èyí tí a fún lára èso bí òróró ti ní orúkọ tirẹ̀, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ká má kọ ọ́ pé àrẹyọ «ń wo làkúrègbé sàn». Làkúrègbé kó gbogbo ìrora oríkèé pọ̀: orúnkún tó ti jẹ, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tó wú lójijì, àti ti ara tó ń bá oríkèé ara rẹ̀ jà. Ti orúnkún tó jẹ ni wọ́n dán ata ilẹ̀ pupa wò fún jù, ìrora ni wọ́n sì rí pé ó dín. «Ó lè dín ìrora orúnkún kù» ni ká kọ, ká fi kún un pé kí ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.