Èsì sí «sinimá odì»: ta ló yadi níbẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa tó jẹ́ olùkọ́ girama fi ránṣẹ́, èyí tó fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ bí iṣẹ́ sinimá ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Faransé. Ó kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó pe fíìmù ayé ijọ́un tí kò ní ohùn ní «sinimá odì», ó pe ibi tí wọ́n ti ń yà á ní «ilé ìyàwòrán», ó sì kó gbogbo ọ̀gá tó wà nídìí iṣẹ́ náà pọ̀, ó pè wọ́n ní «olóòtú». Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn wá dá a lóhùn pé ó dára, pé kó kàn yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò lórí odì, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, àmọ́ n ò gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti àmì. Odì ni èyí tí èèyàn ń bá ọ̀tá rẹ̀ yàn. Bí a bá ka sinimá odì bí ó ṣe kọ ọ́, sinimá tó ń bá òǹwòran yodì ni: ó pàdé ẹ lọ́nà, kò kí ẹ. Bí a bá sì yọ àmì náà bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, odi méjì ló tún ń dúró dè wá, odi tí kò lè fọhùn àti odi tí wọ́n mọ yí ìlú ká kí ogun má baà wọlé. Ohùn àárín ni wọ́n fi ń pe àwọn méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọmọ tó bá gbọ́ pé ara ògiri ni wọ́n ń tan àwòrán náà sí, tó wá gbọ́ «sinimá odi», ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi bó bá gbé e gba ibòmíràn?

Ká tilẹ̀ ní ohùn rẹ̀ tọ̀nà, ìtumọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Odi ni ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Ṣé àwọn tó wà nínú fíìmù wọ̀nyẹn ò sọ̀rọ̀ ni? Ẹ wo ẹnu wọn! Wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń pariwo olè. Ẹni tó ń darí wọn náà ń pariwo mọ́ wọn láti ẹ̀yìn kámẹ́rà bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lọ́wọ́, torí kò sí ẹ̀rọ agbohùn tí ariwo rẹ̀ lè bà jẹ́. Àwa òǹwòran la ò gbọ́. Bó bá jẹ́ àbùkù ara la fẹ́ fi sọ ọ́ lórúkọ, adití ló yẹ, àwa gan-an la sì ni orúkọ náà.

Inú ilé tí wọ́n ti ń wò ó pàápàá kò dákẹ́. Dùùrù ń dún. Ilé sinimá ńláńlá ní ẹgbẹ́ olórin odindi. Ní Japan, ẹni kan tí wọ́n ń pè ní benshi ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, tí yóò fi ohùn ọkùnrin sọ̀rọ̀, tí yóò fi ohùn obìnrin dáhùn, tí yóò sì máa ro ìtàn náà lọ. Òkìkí benshi mìíràn ju ti òṣèré lọ, agbára wọn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí Japan ṣì máa ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀ títí di àárín àwọn ọdún 1930. Ní Paris, kí Alice Guy tó kúrò ní Faransé ní 1907, ó ti ń ya àwọn olórin fún ilé-iṣẹ́ Gaumont: wọ́n á ti gba orin sínú awo rẹ́kọ́ọ̀dù ṣáájú, olórin á wá dúró níwájú kámẹ́rà, á máa fẹnu tẹ̀ lé e. Ṣé odi nìyẹn náà?

Ó tún kù. Granville Redmond, ayàwòrán kan ní California, jẹ́ ẹni tí àìsàn sọ di adití láti kékeré. Charlie Chaplin, gbajúgbajà òṣèré aláwàdà, fún un ní yàrá nínú àgọ́ rẹ̀, ìyẹn ibi tó ti ń ya fíìmù ní Los Angeles, kó máa fi kun àwòrán, ó tún fi í ṣe òṣèré nínú fíìmù rẹ̀ mélòó kan, ó sì kọ́ díẹ̀ nínú èdè ọwọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1913, George Veditz, tó ti jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn adití Amẹ́ríkà rí, dúró níwájú kámẹ́rà, ó fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ láti gbèjà èdè wọn lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ pa á rẹ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún èdè Yorùbá lójoojúmọ́ níbí, ẹ lọ wá a wò.) Ilé sinimá ìgbà yẹn gba adití àti agbọ́ràn bákan náà, torí káàdì ọ̀rọ̀ ń yọ lójú àwòrán, gbogbo wọn sì ń kà á. Ìgbà tí Warner Bros. gbé The Jazz Singer jáde ní New York ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá 1927, tí fíìmù olóhùn wá gba gbogbo ọjà láàárín ọdún díẹ̀, ni káàdì ọ̀rọ̀ pòórá, tí ilẹ̀kùn sì tì mọ́ adití. Àwọn tí fíìmù yẹn jẹ́ tiwọn jù lọ lẹ wá fẹ́ fi orúkọ wọn ṣe àléébù fún un!

Ibi tí ìṣòro náà ti wá kò ṣòroó rí. Nígbà tí nǹkan náà wà láyé, kò sí ẹni tó rí i bí ohun tó ní àbùkù. Sinimá ni, ó parí. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Glover Memorial Hall l'Ékòó ní oṣù kẹjọ 1903, irú rẹ̀ náà ni, kò sí olóhùn lọ́jà tí wọn ì bá fi wé e. Bí ọṣẹ dúdú ló rí: ọṣẹ lásán làwọn ìyá wa ń pè é kí funfun tó dé láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé nígbà tí wọ́n fẹ́ yà á sọ́tọ̀, ohun tó ní ni wọ́n wò, ìyẹn àwọ̀ rẹ̀. Wọn ò pè é ní ọṣẹ aláìfunfun.

Ìdí nìyẹn tí n ò fi gba «aláìlóhùn» tí arábìnrin wa ní London dá lábàá. Kò sí àṣìṣe nínú gírámà rẹ̀. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní Yorùbá, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, kì í gba àì- wọlé nínú ọ̀rọ̀ tuntun. Wọ́n á ní, «Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ohun tí kò sí lẹ fi ń sọ ohun tó wà lórúkọ.» Ẹnìkan tún ní ká mú amóhùnmáwòrán, ká gé móhùn sọ nù, kó ku «amáwòrán». Ó gbọ́n, mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ fọ́tò lásán náà ń mú àwòrán.

Tèmi ni sinimá afarasọ̀rọ̀. A-, fi, ara, sọ̀rọ̀. Fi àti ara ti máa ń di fara láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ wo fara balẹ̀, ẹ wo fara mọ́. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni fẹ́ bá mi jà sí. Ohun tí òṣèré ìgbà náà ń ṣe gan-an ló sọ: ojú, èjìká, ọwọ́, ìrìn ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ lè ní oníjó náà ń fara sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí tí sinimá fi ṣáájú nìyẹn.

Ó di orí «ilé ìyàwòrán». Ìyẹn ni ti onífọ́tò ní oríta tí a máa ń lọ bá nígbà ọdún, tí yóò ní ká gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń ya fíìmù kò jọ ọ́. Ní West Orange, New Jersey, ní 1893, W.K.L. Dickson tó ń bá Thomas Edison, aṣẹ̀dá ẹ̀rọ, ṣiṣẹ́ kọ́ ahéré kan, wọ́n fi bébà ọlọ́dà dúdú bò ó látòkè délẹ̀. Owó tó ná wọn kò pé 700 dọ́là. Òrùlé rẹ̀ ń ṣí kí oòrùn lè wọlé, irin ló sì gbé gbogbo rẹ̀ dúró, wọ́n á máa yí i tẹ̀ lé oòrùn. Black Maria ni wọ́n ń pè é, torí ó jọ ọkọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá fi ń kó ọ̀daràn. Orúkọ yẹn kan náà la ṣì fi ń pe ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n nílé wa. Ní 1897, Georges Méliès, ará Faransé tó ń ṣe fíìmù, kọ́ tirẹ̀ sí Montreuil lẹ́bàá Paris, dígí ni ògiri, dígí ni òrùlé. Oòrùn náà ló ń wá. Àgọ́ ni mo pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n á ní àgọ́ ọlọ́pàá ló máa wá síni lọ́kàn, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn wọ́n pé ìyẹn pàápàá kò jìnnà sóòótọ́.

Àgọ́, ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, yàtọ̀ sí ilé-iṣẹ́, ìyẹn àwọn tó ń fi fíìmù ṣòwò; ibẹ̀ sì ni àkójọ àbúrò wa ti dà mọ́ra pátápátá. Ilé-iṣẹ́ Nestor wá láti New Jersey, ilé ọtí àtijọ́ kan ní Hollywood ló háyà ní oṣù kẹwàá 1911, ó sọ ọ́ di àgọ́. Nígbà tí àwọn òṣèré Mary Pickford, Chaplin àti Douglas Fairbanks pẹ̀lú olùdarí D.W. Griffith dá United Artists sílẹ̀ ní 1919, ilé-iṣẹ́ ni, kò ní àgọ́ kankan tirẹ̀. Títa fíìmù àwọn tó ni ín ni iṣẹ́ rẹ̀. Universal tí Carl Laemmle ṣí ní oṣù kẹta 1915 wá tóbi débi pé wọ́n pè é ní ìlú. Ọgbà ni màá pe ìyẹn. Ẹni tó kọ̀wé pé Hollywood ni wọ́n bí sinimá sí, n ò ní pẹ́ lórí tirẹ̀: kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ fíìmù Pathé tí í ṣe ti Faransé ló tóbi jù láyé, Fort Lee ní New Jersey sì ni ọ̀pọ̀ àgọ́ Amẹ́ríkà wà. Oòrùn ló fa àwọn kan lọ sí California, àwọn mìíràn sì ń sá fún ẹgbẹ́ tí Edison kó jọ ní 1908, tó ní òun ló ni ẹ̀tọ́ lórí kámẹ́rà, tó ń gbé gbogbo èèyàn lọ sílé ẹjọ́.

Ó ku olóòtú. Nínú fíìmù Yorùbá wa, olóòtú ni ẹni tó gbé iṣẹ́ kalẹ̀, olùdarí ni ẹni tó ń pàṣẹ fún òṣèré; nínú ìwé ìròyìn, olóòtú ni ẹni tó ń tún ìròyìn ṣe. Ní ti Méliès, ìpọ́pọ̀ náà kò burú: òun ló ń kọ ìtàn, òun ló ń darí, òun ló ń ṣeré, òun ló ń kun aṣọ ẹ̀yìn. Àmọ́ láti nǹkan bí 1912, Thomas Ince ti ń pín iṣẹ́ náà ní California. Ó ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí kámẹ́rà tó yí, ó gbé ìdarí fún àwọn ẹlòmíràn, òun wá jókòó ti owó àti àsìkò. Kí la ó pe Ince tí kò ní dà pọ̀ mọ́ ẹni tó ń gé fíìmù tó ń lẹ̀ ẹ́? «Agbátẹrù» tí ẹnìkan mú wá lánàá, ẹni tó ń náwó sí eré bọ́ọ̀lù ni mo mọ̀ ọ́n sí. Kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fíìmù gan-an dá wa lóhùn lórí ìyẹn. Kí ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn má sì sọ fún mi pé ó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, èmi náà ní ìwé atúmọ̀ èdè nílé.